Bí Okùn Fáíbà Ṣe Wọ Òpópónà Wa

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka

  

Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí gbogbo wa ń ráhùn nípa owó dátà, akọ̀wé wa ní kí n wá ròyìn bí a ṣe fa okùn fáíbà wọ òpópónà tí mò ń gbé ní Agége. Mo sọ fún un pé ìtàn náà kò bùyì kún wa tó bí ó ṣe rò, nítorí pé àwa fúnra wa la kọ́kọ́ lé fáíbà náà lọ, èmi gan-an sì wà lára àwọn tó lé e. Ó ní ibi tó dùn mọ́ òun nínú ìtàn náà nìyẹn, pé kí n má fò ó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé inú afẹ́fẹ́ ni dátà ti ń wá, nítorí pé láti ọdún 2001 tí fóònù GSM ti dé, òpó gogoro tí iná pupa ń tàn lórí rẹ̀ ni ojú wa ń rí. Ṣùgbọ́n òpó yẹn kò dá dúró. Bí okùn kò bá so mọ́ ọn nísàlẹ̀, yóò máa ju ọ̀rọ̀ sí òpó mìíràn tí okùn so mọ́. Okùn ọ̀hún gba abẹ́ òkun wá láti Yúróòpù. Glo-1 àti MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010, èyí tí wọ́n ń pè ní Equiano gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022. Ẹ̀yin náà ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí okùn mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun lọ́hùn-ún nítòsí Abidjan. Ṣé kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni owó tí a fi ránṣẹ́ ní báǹkì kò lọ tí kò bọ̀? Kò sí ohun tó ṣe òpó kankan ní Èkó lọ́jọ́ náà. Okùn ló bàjẹ́.

Dígí ni okùn náà, kì í ṣe bàbà. Fọ́nrán dígí kan tín-ín-rín bí irun orí ni, ìmọ́lẹ̀ sì ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí ń ṣẹ́jú pàrà-pàrà, tí ẹ̀rọ sì ń ka ìṣẹ́jú náà bí ọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Kao ló fi hàn ní ọdún 1966, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé bí dígí bá mọ́ tó, ó lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Nítorí pé dígí ni, àrá kò lè gba inú rẹ̀ wọlé bí ó ti ń gba wáyà tẹlifóònù àtijọ́. Nítorí pé dígí ni kò fi wúlò fún olè, kò sẹ́ni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gé e, wọ́n á rò pé bàbà wà nínú rẹ̀, wọ́n á gé e tán, wọ́n á jù ú sílẹ̀, àdúgbò á sì wà láìsí nǹkan fún ọjọ́ mẹ́ta.

Wàyí o, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ta nǹkan yìí fún wa. Ọ̀kan ni kí okùn dúró sí ẹsẹ̀ òpó, kí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ kan lé ojú fèrèsé rẹ tí yóò máa mú u láti inú afẹ́fẹ́. Èkejì ni kí fọ́nrán dígí náà fúnra rẹ̀ gba ara ògiri rẹ wọlé. Èyí ni fáíbà tó délé. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé àwọn tó ń tà á, fáíbà ni wọ́n ń pe méjèèjì. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé okùn yóò wọ inú yàrá mi? Bí wọ́n bá ń yí ẹnu padà, ẹ ti mọ ìdáhùn.

Láti ilé-iṣẹ́ wọn sí òpópónà, okùn kan lè rìn tó 20 kìlómítà. Tó bá dé àdúgbò, àpótí kékeré kan wà lórí òpó tàbí lára ògiri tí yóò pín fọ́nrán kan ṣoṣo sí ilé 32, nígbà mìíràn 64. Àpótí yẹn kò nílò iná mọ̀nàmọ́ná rárá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ní ọdún 2023 ni àwọn ọkùnrin méjì kan wá sí òpópónà wa pẹ̀lú ìwé àti téèpù ìwọnlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ló rán wọn, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, kí àwọn fa fáíbà gba iwájú gbogbo ilé. Alága àdúgbò ní kí wọ́n wá sí ìpàdé. Ẹ mọ̀ pé ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù ni ìpàdé àdúgbò lọ́dọ̀ wa. Ayálégbé ni èmi, ṣùgbọ́n onílé mi, bàbá àgbàlagbà, kì í lè jókòó pẹ́ mọ́, èmi ló sì ń rán lọ.

Wọ́n ṣàlàyé tán. Ẹnìkan dìde, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ san owó ìwọlé. Ẹlòmíràn ní 500,000 náírà. Ẹlòmíràn ní ó kéré. Èmi aṣojú òṣìṣẹ́ yín náà dìde, mo sì gbé ohùn tí mo máa ń lò ní iwájú máníjà jáde. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ jẹ èrè lára wa, kí wọ́n kọ́kọ́ fún wa ní tiwa. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn. Bí a ti jáde, àwọn ọmọkùnrin orí-ìta náà ti dúró dè wọ́n, àwọn náà ní tiwọn ń kọ́.

Àwọn ọkùnrin méjì náà kò bá wa jà. Wọ́n ní àwọn á jíṣẹ́ fún ọ̀gá àwọn. Láàárín oṣù méjì, a rí wọn tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ ní òpópónà kejì, ẹ̀yìn ilé wa gan-an.

Mo ti rò ó dáadáa láti ìgbà náà, ìdí tí mo sì fi gbà láti wá sọ̀rọ̀ lónìí nìyí. Ní ilé-iṣẹ́, bí a bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ẹ̀rọ yóò dúró, ọjà kò ní jáde, agbanisíṣẹ́ yóò sì pè wá sí tábìlì. Ohun tó nílò wà ní ọwọ́ wa. Ṣùgbọ́n ní òpópónà, kí ni a dì mú tí ilé-iṣẹ́ náà kò lè rí níbòmíràn? Òpópónà kún Èkó. Bí a bá ti géètì mọ́ wọn, wọ́n á kọjá sí èyí tí kò ti géètì. Ohun tí a ní gan-an ni iye ilẹ̀kùn tó máa san owó lóṣooṣù, ìyẹn ni wọ́n ń wá, ìyẹn la ò sì kà. Mo gbé ohun ìjà ilé-iṣẹ́ lọ sí ogun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn ìjọba náà ti rí i. Ní ọdún 2020, àwọn gómìnà fẹnu kò pé kí owó tí ìpínlẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ri okùn mọ́ ilẹ̀ má ju náírà 145 lọ fún mítà kan. Ní Èkìtì lọ́dún náà, gómìnà ìgbà náà, Káyọ̀dé Fáyẹmí, dín in kù láti 4,500 sí 145. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kórìíra owó, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Wọ́n kàn rí i pé okùn kì í dé ibi tí owó ẹnu-ọ̀nà bá ti pọ̀ jù.

Ọdún kan àti ààbọ̀ ni a fi ń wo òpópónà kejì. Ọmọ mi obìnrin ń kàwé ní Yunifásítì Ṣíṣí ti Orílẹ̀-èdè, NOUN, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni wọ́n ti ń fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ kí ọjọ́ tó kọjá. Dátà orí fóònù a máa rá kòrò lálẹ́ tí gbogbo ènìyàn bá ń lò ó. Ó wá ní ọ̀rẹ́ kan ní òpópónà kejì tó fún un ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tiwọn, ó a sì máa lọ dúró sí ẹ̀yìn ògiri wọn ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ kí ó lè fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. N kò mọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn méjì lórí ọ̀kadà já fóònù náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tì í ṣubú sínú gọ́tà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tí mo jókòó ní ọsibítù ni mo rántí àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún mi.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, NCC, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi owó ìpè àti dátà kún un, kí ó má sáà ju 50 nínú 100 lọ. Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́, NLC, dá ọjọ́ 4 oṣù kejì fún ìwọ́de, kí wọ́n tó dá a dúró nítorí ìjíròrò pẹ̀lú ìjọba. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ, 70,000 náírà tí wọ́n fi òfin gbé kalẹ̀ ní 2024, mélòó ni kí ó yọ fún dátà níbẹ̀? Ní ilé tèmi, nǹkan bí 14,000 náírà là ń ná lóṣù kí wọ́n tó fowó kún un.

Mo lọ bá alága àdúgbò nílé rẹ̀. Mo ní, “Bàbá, mo wá tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí kò dára tó.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi, àwa náà la pàtẹ́wọ́. Kí lo fẹ́ kí a ṣe?” Mo ní kí wọ́n yọ̀ǹda fún mi láti ka ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ ìsinmi méjì ni mo fi ṣe é, èmi àti aránṣọ kan tó ń gbé ní ilé kẹta sí wa, àti ọmọkùnrin kan tó jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì. A kò kọ orúkọ ilé, yàrá la kọ, nítorí pé ayálégbé ló máa san owó. Ilé kan tí lánlọ́ọ̀dù sọ pé òun kò fẹ́ nǹkan kan, a rí ìdílé mẹ́jọ nínú rẹ̀ tí wọ́n fẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: kò sẹ́ni tó bi àwọn ènìyàn yìí léèrè rí. A kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye tí kálukú ń ná lórí dátà, àti bóyá ó ṣe tán láti san owó ìfàwọlé. Wọ́n fọwọ́ sí i níkọ̀ọ̀kan. Alága fọwọ́ sí i lókè. A fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ méjì, kì í ṣe ẹyọ kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹlòmíràn ń ka ìwé kan náà.

Ọ̀kan dáhùn lọ́sẹ̀ kẹta.

Nígbà tí wọ́n dé, a kò béèrè kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n a kò sì ṣí ilẹ̀ sílẹ̀ fún wọn lásán. A ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ LASIMRA hàn wá kí ṣọ́bìrì tó kan ilẹ̀, nítorí pé àjọ ìpínlẹ̀ Èkó yẹn ló ń rí sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. A ní ibi tí wọ́n bá gbẹ́ lónìí, kí wọ́n dí i lónìí, kí ó má di kòtò mọ́ ọmọdé lójú lóru. Ìdérí gọ́tà tí wọ́n bá fọ́, kí wọ́n ṣe òmíràn. Páìpù omi tí wọ́n bá gé, kí wọ́n dí i kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Kí nọ́ńbà ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wa. Wọ́n fẹ́ kí a kọ ọ́ pé àwọn nìkan ni a óò gbà láàyè ní òpópónà náà títí láé. Èyí la kọ̀. Bí iṣẹ́ wọn bá di jákujàku lọ́la, tá ni a óò lọ bá?

Kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ náà, nítorí pé inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ la wà. Ọmọkùnrin mọ́kànlá ni wọ́n. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fáíbà náà. Agbaṣẹ́ṣe kan ló gba iṣẹ́, òun náà gbé e fún agbaṣẹ́ṣe mìíràn, ẹni yẹn ló kó wọn wá, mítà tí wọ́n bá gbẹ́ ló sì ń san owó lé lórí. Bí òjò bá rọ̀, kò sí mítà, kò sí owó. Sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, nínú gọ́tà tí ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀kan fi ìgò gé ẹsẹ̀, ẹni tó kó wọn wá sì ní kí ó máa lọ sílé. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wa, mo ní iṣẹ́ kò ní tẹ̀síwájú ní iwájú ilé wa bí wọn kò bá tọ́jú ọmọ náà. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì kó bàtà òjò wá ní ọjọ́ kejì, bàtà mẹ́fà fún ènìyàn mọ́kànlá. Mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa gbé ọ̀rọ̀ irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò. Wọ́n ń la íntánẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ yìí lọ́nà pẹ̀lú ọwọ́ lásán, wọn kò sì ní ẹgbẹ́ kankan.

Màmá kan wà ní òpópónà wa, onílé ni, kò gbà kí wọ́n lu ògiri òun. Ayálégbé mẹ́fà ló ti fọwọ́ síwèé nínú ilé náà. Mo lọ bá wọn, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ògiri yìí. Ẹ ò ní lu ú.” Wọ́n tún ní àwọn gbọ́ pé yóò máa fa iná ilé. Mo ṣàlàyé pé àpótí tó wà níta kò lo iná, èyí tó wà nínú yàrá kò sì jẹ iná ju gílóòbù kékeré kan lọ, àti pé ihò náà kò tóbi ju lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé lọ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Ojú fèrèsé ń kọ́? Gẹdú ni ìyẹn, ojú rẹ̀ ti jẹrà tẹ́lẹ̀.” Ara gẹdú fèrèsé ni okùn gbà wọlé. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ògiri bàbá.

Ọ̀rọ̀ iná tí mo ní a óò padà sí nìyí. Bí iná bá lọ, okùn kò kú, àpótí orí òpó kò kú, àpótí inú yàrá nìkan ló kú. Bátìrì kékeré tí wọ́n ń ṣe fún un lè gbé e fún wákàtí mélòó kan, kò di dandan kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ ra bátìrì náà kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn.

Ní ilé wa, yàrá mẹ́ta ló pín ìdè kan. 21,000 náírà lóṣù ni, 7,000 kan mí, ìdajì ohun tí mò ń ná tẹ́lẹ̀, kò sì sí pé dátà tán ní ogúnjọ́ oṣù. Ìjà wa àkọ́kọ́ ni pé ẹnìkan fún onígbàjámọ̀ ní ọ̀rọ̀ ìwọlé, onígbàjámọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ó wá di pé gbogbo orí tí wọ́n ń fá ní àdúgbò ń wo bọ́ọ̀lù lórí owó wa. A yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ láàárín ara yín kí ẹ tó pín in: orúkọ ta ni ìdè náà wà, ọjọ́ wo ni kálukú ń san, kí ni a óò ṣe bí ẹnìkan bá kó kúrò.

Bí nǹkan bá sì yára nítòsí àpótí ṣùgbọ́n tó ń falẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, ẹ má bú ilé-iṣẹ́. Ògiri búlọ́ọ̀kù ni kò jẹ́ kí ó kọjá. Bí ó bá falẹ̀ nítòsí àpótí náà, nígbà náà ni kí ẹ pè wọ́n, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, kí ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ pe NCC ní 622, ọ̀fẹ́ ni, nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn ni wọ́n máa béèrè. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe pẹ̀lú ẹ̀sùn ní ilé-iṣẹ́ náà ni: ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́ kò ní ẹ̀sùn.

Iṣẹ́ ò tíì parí lọ́dọ̀ wa. Ilé mẹ́rin wà lẹ́yìn afárá kékeré tó wà ní ìparí òpópónà, okùn kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ ní ilẹ̀kùn wọn kò pọ̀ tó láti gbẹ́ ibẹ̀. Àwọn ló kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé nígbà tí mo ń kà á, ojú sì ń tì mí nígbàkúùgbà tí mo bá kọjá níbẹ̀. A ti sọ fún ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n gba orí òpó lọ bí wọn kò bá lè gbẹ́ ilẹ̀, a sì ń ka àwọn ilé tó wà ní òdìkejì afárá mọ́ wọn kí iye lè pọ̀. Ní alẹ́ Ọjọ́rú la máa pàdé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí a ṣe kọ ìwé tiwa, ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé.